Àgékù Aṣọ Tí Ìyá Ń Kó Pamọ́

Aránṣọ ni obìnrin náà. Abẹ́rẹ́ làwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, torí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Yàrá iwájú ilé ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, tábìlì tó fi ń géṣọ, dígí gígùn lára ògiri, àti àpò ńlá kan lábẹ́ tábìlì tó ń kó àgékù aṣọ sí. Ìyá rẹ̀ ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Lọ́dún tí ìyá lò kẹ́yìn láyé, ó máa ń wá tọwọ́ bọ àpò yẹn láràárọ̀, á ṣa àwọn tó bá jẹ́ òwú tó rọ̀ níbẹ̀, á sì rọra padà.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mo fẹ́ fi nu ojú fèrèsé ni. Àbí o fẹ́ mú mi lólè?"

Abẹ́rẹ́ á rẹ́rìn-ín, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rù, ó ní oúnjẹ ni kò wu òun jẹ. Nígbà tó ń pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń dààmú òun, pé ta ni jẹ̀díjẹ̀dí kì í yọ lẹ́nu. Ọjọ́ tó dákú lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìyá fi kú.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, ó fa àpótí kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Àgékù aṣọ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ìyá ti fọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn, ó tò wọ́n léra dáadáa. Àbààwọ́n ẹ̀jẹ̀ rúsúrúsú kan tí ọṣẹ ò rí tiẹ̀ ṣe wà lára gbogbo wọn. Abẹ́rẹ́ dá aṣọ kọ̀ọ̀kan mọ̀: èyí wá láti ara aṣọ iléèwé, aláwọ̀ ewé yìí wá láti ara búláòsì ìyàwó pásítọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹkún ò wá. Ó dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé, kò sì sọ fún ẹnì kankan, títí kan àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Láti ìgbà náà ni ìyá ò ti kúrò nínú ilé. Abẹ́rẹ́ á máa ránṣọ lọ́sàn-án gangan, á gbọ́ bàtà tó ń wọ́ nílẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Tó bá dá ẹ̀rọ dúró, ilé á pa lọ́lọ́. Á gbọ́ tí wọ́n ń fún aṣọ nínú omi, tí ẹnikẹ́ni ò sì sí nílé ìwẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ òun ń kù yìì ní ìhín, ìyá ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́hùn-ún.

Nígbà tó yá, ó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ibùdó ìlera àdúgbò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, ó tún bi í bóyá ẹnì kan ti ní àìsàn ìfun rí nínú ẹbí wọn. 

"Ìyá mi," Abẹ́rẹ́ dáhùn.

Nọ́ọ̀sì ju bíírò sílẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. A jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an ló yẹ ká tètè yẹ̀ wò." Ó gbé ike kékeré kan lé e lọ́wọ́, igi tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára ìdérí rẹ̀. "Ìgbẹ́ díẹ̀ báyìí lẹ máa fi igi yìí mú. A fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò lè rí wà níbẹ̀."

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

"Ìdí tá a fi fẹ́ yẹ̀ yín wò nìyẹn."

Abẹ́rẹ́ gbé ike náà délé, ó tì í sẹ́yìn àwọn òwú lórí pẹpẹ. Ibẹ̀ ló wà tí eruku fi bò ó. Bó bá ti nawọ́ mú òwú, á rí i, á sì yíjú kúrò.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ wá kí i lọ́jọ́ kan. Bó ṣe ń wá òwú dúdú lórí pẹpẹ ló rí ike náà.

"Màámi, kí nìyí?"

"Mo fẹ́ fi kó bọ́tìnnì sí ni. Àbí o fẹ́ mú mi lólè?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ó dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró. Ohùn ìyá ni. Kì í ṣe pé ó jọ ọ́. Ohùn ìyá ló jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín tí ìyá máa ń fi parí ọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń gbé ike náà padà sáyè rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wò ó, ó rí ara rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ lọ́dún yẹn.

"Irọ́ ni mo pa," ló wí. "Jókòó, kí n sọ fún ẹ."

Ní ọjọ́ kejì ló mú ìgbẹ́ díẹ̀ sínú ike náà, tó sì gbé e padà lọ sí ibùdó ìlera. Nígbà tí èsì dé, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn ò túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ni, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ wo inú ìfun náà. Ní ọsibítù ńlá, wọ́n fún un ní oògùn tó fọ ikùn rẹ̀ mọ́ pátápátá, wọ́n wá fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tí iná wà lórí rẹ̀, wo inú rẹ̀ láti ìdí. Wọ́n rí ẹran wẹ́wẹ́ méjì tó hù sára ìfun, wọ́n sì gé wọn kúrò lójú ẹsẹ̀. Wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ọ̀kan ò ní nǹkan kan nínú. Èkejì ti ń gbọ̀nà jẹjẹrẹ lọ, àmọ́ kò tíì débẹ̀.

"Ká ní ẹ dúró di ìgbà tó máa dùn yín ni," dókítà wí, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Abẹ́rẹ́ gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀ lọ, láti sọ fún un pé kóun náà lọ ṣàyẹ̀wò. Iṣẹ́ wẹ́dà lòun ń ṣe, àwàdà ò sì jìnnà sí i lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí nígbà tó gbọ́ tán, "ọ̀nà àbájáde nibẹ̀ yẹn lára tèmi o. A kì í gbàlejò níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ̀rọ̀ àpótí abẹ́ ibùsùn fún un, àgékù aṣọ tí ìyá fọ̀ tó sì ká, iná tó dá lẹ́yìnkùlé. Àbúrò rẹ̀ pa ẹ̀rọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. 

"Ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò kì í wẹ̀ nílé yẹn mọ́? Tí mo bá ti wọbẹ̀, mo máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń fọṣọ. Mo rò pé orí mi ló fẹ́ dàrú."

"Èmi náà ń gbọ́ ọ."

Wọ́n jọ jókòó sórí irin tí kò tíì tutù tán.

Àbúrò rẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò náà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù: wọn ò rí ẹ̀jẹ̀ kankan, àmọ́ torí ọ̀rọ̀ ìyá, dókítà ṣì máa fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. "Mo ti gbà," ó wí. "Mo ní kí àlejò náà ṣáà kanlẹ̀kùn kó tó wọlé."

Abẹ́rẹ́ rín ẹ̀rín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, ó ti la ẹnu láti pe ìyá kó wá gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ wí, kó tó rántí.