Akínfẹ́nwá àti Rédíò Tí Kò Ní Gílóòbù

Ọdún 1969 ni iṣẹ́ sójà gbé Akínfẹ́nwá dé Port Harcourt, kó máa tún rédíò wọn ṣe. Rédíò onígílóòbù, tí gílóòbù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó fọhùn, ló ti ń tún ṣe látilẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀gá ni òun.

Lọ́jọ́ kan, Sàdíátù, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ nílé tẹlifóònù, gbé rédíò kékeré kan tó ti yadi wá bá a. Akínfẹ́nwá tú u, ó wá gílóòbù títí, kò rí ẹyọ kan. Ló bá pariwo: "Sàdíátù, wọ́n ti jí gbogbo gílóòbù inú rẹ̀ kó!"

Sàdíátù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bọ̀dá, kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí, tiransísítọ̀, ló ń ṣiṣẹ́ gílóòbù. Iná díẹ̀ tó wọ ẹsẹ̀ àárín dà bí ọwọ́ tó ń ṣí ẹ̀rọ omi. Òun ló ń jẹ́ kí iná ńlá gba ẹsẹ̀ méjì yòókù kọjá."

Akínfẹ́nwá tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ẹsẹ̀ àárín ọ̀kan ti já. Ó fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ padà. Ó ti ń fa àga kó lè jókòó dè é títí yóò fi gbóná, àfi bí rédíò ṣe bú sórin lójú ẹsẹ̀, tí Akínfẹ́nwá sì fò sókè.

Ó ní, "Ọ̀gá rédíò ni mí lóòótọ́, àmọ́ rédíò ayé Nóà ni." Ó jókòó, ó ní kí Sàdíátù tún ọ̀rọ̀ tiransísítọ̀ náà sọ látìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀.