Máíkírówéfù Mi Ò Ní Dé Èkó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí ní Old Kent Road ní London níbí lọ́jọ́ Sátidé! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Máíkírówéfù wa ló kú. Mo gbé e jókòó sínú buggy tí mo fi ń ti ọmọ mi kiri, mo de bẹ́líìtì mọ́ ọn, mo tì í láti Peckham dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ti fẹ́ ra tuntun. Ìyá àgbà kan ní bus stop tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè kí ọmọ!

Kí ló dé tí mi ò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bin? Òfin ìlú yìí ni: tó o bá ra tuntun, ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún ẹ gbọ́dọ̀ gba ògbólògbòó irú ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń tà á ni wàhálà ẹ̀ wà lọ́rùn wọn.

Mo sanwó tán ni manager bá ní àwọn kì í gba ìdọ̀tí, kí n gbé e lọ bá council. Irọ́ ni! Mo fi òfin náà hàn án lórí fóònù mi. Ó ń wòkè, ó ń wolẹ̀.

Ibẹ̀ ni security wọn, Alhaji kan tá a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí, ti dá sí i. Wọ́n rọra fi Yorùbá bẹ̀ mí pé kí n má dójú ti àwa ọmọ Nàìjíríà níwájú òyìnbó. Wọ́n ní àwọn ní container tó ń lọ sí Èkó, kí n jẹ́ káwọn fi sí i, wọ́n á tún un ṣe nílé. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún manager, ojú ẹ̀ tàn!

Ta ló fẹ́ tún un ṣe? Ibi tí wọ́n ti ń dáná sun irú ẹ̀ kí wọ́n lè yọ kọ́pà ni àbúrò mi Wàsíù ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Èéfín ti ba àyà ẹ̀ jẹ́.

“Alhaji, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ ara mi pa àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n pè é, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí.”

Mo pè é, mo fi í sí speaker. Wàsíù kí wọn, ó wúkọ́, ó ní kí wọ́n má bínú, ó tún wúkọ́. Ni Alhaji bá yíjú sí manager.

“Please, take it from her. It's the law.”

Ó gbà á! Mo dúró títí wọ́n fi gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ sí.

Bí mo ṣe ń jáde, Alhaji béèrè orúkọ Wàsíù ní kíkún, káwọn lè máa fi sádùúà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wá bi wọ́n pé, container yẹn ńkọ́?

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó tà á, tó jèrè lórí ẹ̀, òun ni kó wá kó òkú ẹ̀. Ẹ má gbà fún wọn! Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ṣọ́ọ̀bù ti lé yín padà rí? Èyí tó bàjẹ́ nílé yín dà, àbí ẹ ti fi ránṣẹ́ sí Wàsíù?