Ẹni Tó Ni Fóònù Ni Kó Tẹ̀ Ẹ́

Bí fóònù mi bá ti dún, ìyàwó àbúrò mi ni mo máa ń rántí. A jọ máa ń pa aṣọ láró ní Ìtòkú tẹ́lẹ̀. Tí mo bá ní kó bá mi tẹ fóònù, á káwọ́ sẹ́yìn: "Ìyá wa, ẹni tó ni ín ni kó tẹ̀ ẹ́."

Ohun yòówù tí fóònù bá tọrọ, ì báà jẹ́ àyè láti wo àwòrán inú rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ni mo máa ń tẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ẹni tó fọ̀wọ̀ tọrọ nǹkan kì í padà lọ́wọ́ òfo. Bí ọnà àdìrẹ tuntun mi, tí mo yà sínú fóònù, ṣe dójú ayé kí n tó gbé e tà nìyẹn.

Ìyàwó àbúrò mi ní, "Tí àlejò bá ní kẹ́ ẹ ṣí àpótí aṣọ yín ńkọ́?"

"Pálọ̀ ló máa mọ."

"Àlejò náà ló wà nínú fóònù yẹn."

Ó fi ibi tí "rárá" wà hàn mí, kò bá mi tẹ̀ ẹ́.

Ó ti kó lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀ báyìí. Lánàá, fóònù tún tọrọ àwòrán mi. Mo tẹ "rárá" fúnra mi. Kò tiẹ̀ bínú.