Ìṣó tí Sigurd kàn sílẹ̀ de bọ́ọ̀lù

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni Sigurd Flett ti ń bá ẹgbẹ́ àwọn ará Òkè ti ara wọn ní ìgboro ìlú Kirkwall ní gbogbo ọjọ́ ọdún tuntun, nítorí bọ́ọ̀lù awọ kan ṣoṣo. Lọ́dún yìí, àwọn ará Ìsàlẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ tirẹ̀, ti bọ́ọ̀lù náà wọ òkun, wọ́n sì borí! Ó wá ku ẹni tí wọn yóò fún kó gbé e kọ́ sílé rẹ̀ títí ayé. Ẹni tó bá jìyà jù nínú wọn ni.

"Èmi ni!" Sigurd ṣí aṣọ sókè. "Ẹ wo egungun ìhà mi! Àwọn ará Òkè ló ṣẹ́ ẹ lónìí!"

"Irọ́ lẹ̀ ń pa, Bàbá Inga!" Thora ìyàwó rẹ̀ ké láti etí omi. "Ṣebí orí àga lẹ ti já bọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tẹ́ ẹ ti ń kan ìṣó tẹ́ ẹ fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù kọ́!"

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Sigurd ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu gbé e mì. Àgbà kan nínú àwọn ará Ìsàlẹ̀ wá na ọwọ́ sókè:

"Ẹ gbọ́ ná! Inú eré làwa yòókù ti jìyà. Ta ló tún jìyà kí eré tó bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé Sigurd lọ́wọ́. Ìyà ni wọ́n kúkú ní àwọn ń wò, wọn ò sọ pé kó má jẹ́ ìyà òmùgọ̀.