Oògùn Tí Àìná Fi Ṣe Èbù

Ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Àìná fẹ́ràn ìbéèrè ju oúnjẹ lọ. Bí àlùfáà bá wàásù tán, òun ni yóò dúró lẹ́yìn ìsìn láti béèrè ohun tí Nóà ń fún kìnnìún jẹ nínú ọkọ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, opó ni, àgbẹ̀ oníṣu pọ́ńbélé sì ni.

Ohun tí ìlú kò mọ̀ ni pé ó ti tó ogún ọdún tí kòkòrò HIV ti wà lára rẹ̀. Wọ́n ń pín oògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Ìkọ̀lé nítòsí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin bá òun lórí ìjókòó níbẹ̀? Ọ̀yẹ́ ló ń gun ọ̀kadà lọ. Àwọn ará Ọ̀yẹ́ náà, Ìkọ̀lé ni wọ́n ń sá wá. Nígbà mìíràn wọ́n á pàdé lójú ọ̀nà, kálukú á máa wo inú igbó.

Ní Ọ̀yẹ́, obìnrin kan tó ń jẹ́ Yẹ́misí ló ń ka oògùn fún wọn, tó sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Àìná kì í jẹ́ kó sinmi. Ta ló ń ṣe hóró oògùn yìí? Yẹ́misí ní àwọn ará Íńdíà ni. Ṣé wọ́n mọ iyán? Èèyàn mélòó ló ní kòkòrò yìí láyé? Yẹ́misí ní wọ́n tó ogójì mílíọ̀nù, pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń rí oògùn lò. Àìná gbìyànjú láti fojú inú rí ogójì mílíọ̀nù ebè, oko náà kò lópin. Ó dùn mọ́ ọn pé òun nìkan kọ́.

Lọ́dún 2025, rédíò sọ pé Amẹ́ríkà, tí owó rẹ̀ wà nínú oògùn náà, ti dá ìrànwọ́ dúró. Ẹ̀rù ba Àìná gidigidi. Àgbẹ̀ tó bá gbọ́n kì í jẹ gbogbo iṣu inú abà láìyọ èbù ọdún tó ń bọ̀ sọ́tọ̀. Ló bá ń lo oògùn lónìí, ó ń fo tọ̀la. Hóró tó bá fò, ó ń kó o sínú agolo mílíìkì. Bí agolo ṣe ń kún, bẹ́ẹ̀ ló ń yin ara rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Obìnrin tó ń béèrè oúnjẹ kìnnìún kò béèrè èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé. Kòkòrò tí ẹ̀rọ kò rí mọ́ láti ọdún pípẹ́ ti tún yọjú, ó sì pọ̀. Yẹ́misí bi í bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Àìná kì í purọ́. Ó gbé agolo jáde látinú àpò rẹ̀.

“Ẹni ó jẹ uṣu tán, kí ni í gbìn?” ló wí.

Yẹ́misí kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé ọjọ́ tí oògùn bá dín lára ni kòkòrò ń bí sí i, pé ó sì lè mọ oògùn náà lójú títí tí oògùn kò fi ní ràn án mọ́. Oṣù mẹ́ta ni yóò fi lò ó lójoojúmọ́, kí wọ́n tó tún wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bóyá oògùn yìí ṣì ń ṣiṣẹ́.  Àìná wá béèrè èyí tó ń bà á lẹ́rù jù: ṣé oògùn máa tán?

“Mi ò mọ̀, Ìyá.” Yẹ́misí fa báàgì rẹ̀ mọ́ra, ó sì yọ ìgò kan jáde: ìgò funfun kan náà bíi ti Àìná, oògùn kan náà. “Èmi náà ń rò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n mo ti lo tòní.”

Àìná wo ìgò, ó wo ojú ọmọbìnrin náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti jọ ń sọ̀rọ̀, kò sì bi í ní ohun kan nípa ara rẹ̀ rí. Ojú tì í. Ó gba omi, ó gbé hóró tòní mì, ó wá fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

“Láti ìgbà wo, ọmọ mi?”