Yúnyún Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Mo rí yúnyún lẹ́bàá gọ́tà ní Uwasota, ọkàn mi bá lọ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Upper Sakponba nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Láti ìgbà tí màmá mi ti lọ bímọ dé ni wọ́n ti ń jókòó sínú omi gbígbóná oníyọ̀. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni wọ́n ń da omi náà sí. Iyọ̀ pa gbogbo koríko ibẹ̀, àfi yúnyún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo já òdòdó rẹ̀ tó pupa bí ìyeyè, mo mú un tọ màmá mi lọ.

“Mama, where baby dey? Na im get am.”

Omi ọmú ti rin bùbá wọn gbingbin.

“Ó ń sùn.”

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé òkú ọmọ ni wọ́n bí. Lọ́sàn-án yẹn, ṣe ni mo ń yọ́ rìn káàkiri ilé, kí n má baà jí i.