Bí Salome Ṣe Fẹsẹ̀ Rin Jerúsálẹ́mù l'Ókìtìpupa

Kò sí ẹni tó ń se àdín ní Ìjù-Odò tó lè bá Salome dọ́gba. Òórùn àdín rẹ̀ máa ń dé Ìrẹ̀lẹ̀ kó tó gbé ìkòkò kaná rárá. Ọgbọ̀n ọdún ló sì ti ń sọ fún ìjọ Aládùúrà rẹ̀ pé òun á fẹsẹ̀ òun rìn ní Jerúsálẹ́mù. Wọ́n gbàdúrà sí i títí àbẹ́là fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ni Prosper, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé eré kọ̀ǹpútà kiri ìlú, bá gbé ilẹ̀ ìrìn kan dé Òkìtìpupa, ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ láìkúrò lójú kan. Ó rí bí agbada ràgàjì, ó ń dán débi pé eṣinṣin tó bà lé e yọ̀ ṣubú. Wàá wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀, wọ́n á de ìgbànú mọ́ ọ nídìí, wọ́n á fi awò dúdú tó ń fi ìlú òkèèrè hàn bò ọ́ lójú. Ibi tó bá wù ẹ́ ni kó o kọjú sí. Bí ẹsẹ̀ bá ti lọ, á yọ̀ padà sáàárín. Wàá máa rin ìlú òkèèrè lójú kan náà. Jerúsálẹ́mù wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí Prosper ń kó ẹrù kúrò gan-an ni Salome gbọ́. Ó wọ sùtánà funfun, ó gbé kẹ́ẹ̀gì àdín tó fẹ́ lọ tà dání, ó fò sórí ọ̀kadà. Nígbà tó dé, wọ́n ti ṣíná ọkọ̀ akẹ́rù, ilẹ̀ ìrìn nìkan ló kù tí wọn ò tíì gbé sí i.

"Màmá, bàtà yín rèé," ni Prosper wí.

"Bàtà kẹ̀? Lórí sùtánà Aládùúrà? Èèwọ̀!"

"Ẹ kúkú bọ́ sùtánà."

"Kí n wọ yẹ̀rì wọ Jerúsálẹ́mù? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ nìyẹn?"

Ó gun ilẹ̀ náà láìwọ bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kò ṣeé gbé síwájú. Dírẹ́bà tẹ fèrè.

"Ìyá Aládùúrà, ẹ ò tíì dé Ìgbòtako o," ni ọ̀kan nínú àwọn òǹwòran wí, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Salome sọ̀kalẹ̀. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì, ó fi àdín ra àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń ra ọmọ tuntun lára, ó padà gòkè, Prosper sì de ìgbànú mọ́ ọn, ó fi awò bò ó lójú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ̀, tòsì tẹ̀ lé e. Ó ń rìn. Kó tó pẹ́, ó ń sáré, atẹ́gùn sùtánà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù ilé tó wà lódìkejì.

Dírẹ́bà fúnra rẹ̀ pa ọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀. "Màmá, kí lẹ rí?"

"Òkúta. Òkúta funfun lọ súà. Prosper, ẹnu ibodè ìlú nìyí?"

"Òun ni, Màmá. Ẹ máa lọ."

Salome gbé etí sùtánà rẹ̀ sókè kí eruku Jerúsálẹ́mù má baà ta sí i, ó sì wọlé.